Ibùsùn Tí Bàbá Mi Gbé Lọ sí Kọ́lẹ́ẹ̀jì

Nígbà tí orí mi kò tíì ga ju tábìlì ìsọ̀ bàbá mi lọ ni mo ti ń ka lẹ́tà fún àwọn àgbàlagbà. Mo fẹ́ kí ẹ mọ èyí kí n tó sọ ohunkóhun mìíràn, kí ẹ má baà rò pé arúgbó kan ló jókòó tó ń fọ́nnu. Ladjifarani la ń gbé ní Parakou. Aṣọ àti abọ́ tánńganran ni bàbá mi ń tà lọ́jà, ọkọ̀ ojú irin ló sì ń kó ọjà wọn wá láti Kútọnu. Ìwé tó máa ń tẹ̀lé ẹrù yẹn, Faransé ni wọ́n fi ń kọ ọ́. Bàbá mi ka Kùránì dáadáa, ṣùgbọ́n ti Faransé, wọn ò mọ lẹ́tà kan ṣoṣo. Èmi ni mo máa ń kà á fún wọn. Àwọn oníṣòwò ẹgbẹ́ wọn á pé lé mi lórí, wọn á máa wò mí bí ẹni pé ewúrẹ́ ló dédé ń sọ̀rọ̀.

Mo ti dàgbà báyìí. Mo ti lọ sí Mẹ́kà, mo ti sin ọkọ, mo ti rí oríṣiríṣi. Síbẹ̀, ohun tí ojú mi rí lọ́dún tí mo ṣe ìdánwò kọ́lẹ́ẹ̀jì, títí di òní ni ẹnu ṣì ń yà mí. Èyí tó tún ṣẹlẹ̀ lójú mi nínú oṣù tó kọjá ló jẹ́ kí n mú bírò, torí mo wá rí i pé tí n kò bá sọ ọ́, kò sẹ́ni tó máa sọ ọ́.

Kọ́lẹ́ẹ̀jì kan wà lẹ́yìn ìlú nígbà náà tí kò sẹ́ni tó ń wọ ibẹ̀ láìṣe kóńkúù. Kóńkúù ni à ń pe ìdánwò tí ọmọ rẹpẹtẹ ń jọ ṣe, tí wọ́n á sì ṣa díẹ̀ nínú wọn. Inú ọgbà ni gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ ń gbé, kódà ẹni tí ilé bàbá rẹ̀ ò jìnnà. Ẹni tó bá ti wọ ibẹ̀, gbogbo àdúgbò ti mọ̀ pé ó ń lọ di dókítà tàbí ọ̀gá ní ọ́fíìsì ìjọba nìyẹn. Ní tèmi, nǹkan mìíràn tún wà ńbẹ̀. Àwọn ẹbí kan ti ń yọjú sílé wa, wọ́n fẹ́ tọrọ mi sílẹ̀ fún ọmọ wọn. Ọmọ ọdún méjìlá ni mí! Bàbá mi pè mí lọ́jọ́ kan, wọ́n ní, "Tí o bá wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì yẹn, n ò ní dá ẹnikẹ́ni lóhùn lórí ọ̀rọ̀ rẹ títí o ó fi parí. Tí o ò bá wọ̀ ọ́, n ò mọ ohun tí mo máa wí fún wọn mọ́." Ẹ ò rí i pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwé nìkan ni mo gbé lọ sínú gbọ̀ngàn ìdánwò.

Ọmọkùnrin kan wà ní ilé tó kángun sí tiwa. Ará Ṣábẹ̀ ni àwọn òbí rẹ̀, ìjọ Kátólíìkì ni wọ́n ń lọ, bàbá rẹ̀ sì ń wa ọkọ̀ akẹ́rù. Kíláàsì kan náà la wà. Ọmọ dáadáa ni, kì í bá ènìyàn jà, ṣùgbọ́n ìṣirò ò bá a tan rárá. Lábẹ́ igi máńgòrò ilé wọn ni mo ti kọ́ ọ bí a ṣe ń pín nǹkan sí ìdá mẹ́ta àti ìdá mẹ́rin. Bí mo bá ṣàlàyé lẹ́ẹ̀kan, á ní òun ti gbọ́. Bí mo bá bi í, á máa wo òkè bí ẹni pé ìdáhùn máa já bọ́ láti orí igi. Àwa méjèèjì la jọ lọ ṣe kóńkúù náà.

Nígbà tí èsì jáde, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri bí máàkì ṣe tẹ̀lé ara wọn. Ogójì ọmọ ni kọ́lẹ́ẹ̀jì máa mú, gbogbo wa ló mọ iye yẹn. Ẹni kìíní, ọmọbìnrin ni. Ẹni kejì, ọmọkùnrin. Ẹni kẹta, ọmọbìnrin. Ẹni kẹrin, èmi tí mò ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí. Ọmọ aládùúgbò wa ṣe ipò kẹtàlélógójì. Ó rọra kúrò nídìí ògiri náà, ó gba ilé lọ, ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Lọ́jọ́ yẹn ìyá mi se wàsàwàsà èlùbọ́ iṣu púpọ̀, wọ́n pín in yí àdúgbò ká. Èmi fúnra mi ni mo gbé àwo tirẹ̀ lọ bá a. Mo ní kó má sunkún mọ́, mo ní á tún un ṣe lọ́dún tó ń bọ̀, màá máa ti kọ́lẹ́ẹ̀jì wá kọ́ ọ. Ẹ wo ẹnu mi lọ́jọ́ náà!

Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́jọ, kọ́lẹ́ẹ̀jì lẹ lísìtì àwọn tí wọ́n gbà mọ́ ojú géètì. Mo sáré lọ. Mo ka lísìtì yẹn láti òkè dé ìsàlẹ̀, mo tún kà á láti ìsàlẹ̀ padà sókè. Orúkọ mi ò sí níbẹ̀. Mo fi ìka tẹ̀lé e lọ́kọ̀ọ̀kan, mo rò pé bóyá wọ́n ṣì í kọ ni. Kò sí. Ibi tí mo ti ń wá ara mi ni mo ti bá orúkọ ọmọ aládùúgbò wa, ó jókòó jẹ́ẹ́ nísàlẹ̀. Ogójì orúkọ pé, obìnrin méjì péré ló wà nínú wọn. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú géètì, nínú eruku, pẹ̀lú aṣọ iléèwé.

Olùkọ́ wa ló ṣàlàyé fún mi. Ó ní lísìtì méjì ni wọ́n máa ń ṣe, ti ọkùnrin lọ́tọ̀, ti obìnrin lọ́tọ̀, wọ́n á wá pa á pọ̀. Ó ní àyè ọmọbìnrin méjì ló wà lọ́dọọdún, torí ibùsùn obìnrin ò pọ̀. Méjì ló ṣáájú mi, èmi sì ni ìkẹta. Mo bi í pé, ká ní ọkùnrin ni mí ńkọ́? Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rín ẹni tí ojú ń tì. Ó ní, "Ọmọ mi, ká ní ọkùnrin ni ọ́, ṣé wàá wà níbí?" Kò sẹ́ni tó sọ èyí fún wa kí a tó ṣe ìdánwò. A rò pé àwa ọmọ yẹn ń bá ara wa du ogójì àyè. A ò mọ̀ pé àwa obìnrin ń bá ara wa du méjì.

Bàbá mi wọ agbádá, wọ́n lọ bá ọ̀gá kọ́lẹ́ẹ̀jì, tí gbogbo ìlú ń pè ní Músíè Dirẹ́ktẹ̀. Ẹ̀rù bà mí pé inú wọn á bàjẹ́. Ṣé ẹ mọ̀ pé ẹ̀rín ni bàbá mi ń rín nígbà tí wọ́n dé? Wọ́n ní, "Ó ní o mọ̀wé gan-an, ibùsùn ni ò sí. Ọ̀rọ̀ ti parí."

Kí ó lè yé yín, ẹ jẹ́ kí n sọ bí a ṣe ń ṣe lọ́jà wa. Tí ẹni tuntun bá fẹ́ wá tajà lábẹ́ ibòòji kan, àwọn tó ti wà níbẹ̀ kì í sọ fún un pé àwọn ò fẹ́ ẹ. Ohun tí wọ́n máa ń sọ ni pé, "Àpótí ìjókòó ò sí." Ẹni tó bá gbọ́n á padà sílé, á lọ gbé àpótí tirẹ̀ wá, á kí wọn, á sì jókòó. Tí wọ́n bá ti jẹ́ kí àpótí rẹ̀ kanlẹ̀, wọ́n ti gbà á nìyẹn, kò tún sí ẹjọ́. Bí bàbá mi fúnra wọn ṣe di ará ọjà nìyẹn nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ dé Parakou. Nítorí náà, nígbà tí Músíè Dirẹ́ktẹ̀ sọ pé ibùsùn ò sí, ohun tí bàbá mi gbọ́ ni pé: ẹ lọ gbé tiyín wá.

Wọ́n lọ bá káfíńtà. Wọ́n jókòó tì í títí ó fi kan ibùsùn náà tán, igi tó le, ẹsẹ̀ mẹ́rin tó dúró gbọin. Ìyá mi rán aṣọ pupa kan, wọ́n fi òwú àràbà kún inú rẹ̀ fún tìmùtìmù. Ní ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, a gbé gbogbo rẹ̀ sórí púsì-púsì, èyí tí ẹ̀yin ará Nàìjíríà ń pè ní ọmọlanke, bàbá mi ń tì í, èmi sì ru àpótí aṣọ mi tẹ̀ lé wọn. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó: ọmọbìnrin, àpótí aṣọ, ibùsùn tuntun, bàbá tó wọ agbádá. Kí ni ẹ máa rò? Ohun tí gbogbo Parakou rò náà nìyẹn. Àwọn obìnrin ojú ọ̀nà ń ké sí mi pé, "Ọlọ́run á jẹ́ kí ilé ọkọ tù ọ́ o! Wàá bímọ, wàá bí sí i!" Bàbá mi ń dáhùn pé, "Iléèwé ló ń lọ o, iléèwé!" Wọ́n tún wá ń rẹ́rìn-ín sí i, wọ́n rò pé àwàdà ni. Ojú tì mí títí dé ọrùn, ṣùgbọ́n inú mi ń dùn.

Nígbà tí Músíè Dirẹ́ktẹ̀ jáde síta tó rí wa, ó yọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un wọ̀. Mo gbà pé láti ọjọ́ tó ti ń ṣiṣẹ́, kò rí irú rẹ̀ rí. Bàbá mi kí i, wọ́n ní àwọn ti yanjú ọ̀rọ̀ ibùsùn. Ó ní kí wọ́n gbé e kalẹ̀ ná, kí a padà wá lọ́jọ́ Ajé, òun máa wò ó. Wọ́n gbé ibùsùn náà wọlé. Bàbá mi wò mí, wọ́n ṣẹ́jú sí mi. Ibùsùn wa ti kanlẹ̀! Mo délé, mo sọ fún gbogbo ẹni tó létí pé mo ti wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì.

Lọ́jọ́ Ajé, a padà lọ. Músíè Dirẹ́ktẹ̀ ní òun ti wò ó, kò ṣeé ṣe, méjì ni méjì. Bàbá mi ní, "Ṣùgbọ́n ibùsùn wà ńbí." Ọkùnrin yìí dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn fún ibùsùn náà. Ó dúpẹ́! Ó ní ó bọ́ sí àsìkò, torí àwọn ọmọkùnrin pọ̀ ju ibùsùn wọn lọ lọ́dún yìí, kódà àwọn kan ń sùn lórí ẹní. Ó mú wa lọ sí yàrá àwọn ọmọkùnrin kí a lè rí i bí wọ́n ṣe ń lò ó. Ó rò pé òun ń yẹ́ wa sí ni.

Mo rí ẹní nílẹ̀, méje tàbí mẹ́jọ, wọ́n tẹ́ wọn láàárín àwọn ibùsùn. Mo rí ibùsùn wa pẹ̀lú aṣọ pupa tí ìyá mi rán. Ọmọ aládùúgbò wa ló jókòó lé e lórí, ó ń so bàtà rẹ̀. Ó rí mi, ó rẹ́rìn-ín, ó juwọ́ sí mi. Inú rẹ̀ ń dùn láti rí ará ilé.

Kì í ṣe pé mo bínú nígbà yẹn, ìbínú ò tíì dé. Ìṣirò ni mo ń ṣe lọ́kàn. Àwọn ọkùnrin pọ̀ ju ibùsùn lọ, wọ́n gbà wọ́n, wọ́n tẹ́ ẹní fún wọn. Èmi ní ibùsùn, wọn ò gbà mí. Bàbá mi bi Músíè Dirẹ́ktẹ̀ pé, "Ṣé ọmọ tèmi ò lè sùn lórí ẹní ni?" Ó ní, "Haba, Alájì, ọmọbìnrin!" Ìyẹn nìkan ló sọ. Bàbá mi, tí gbogbo ọjà mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kì í wọ́n lẹ́nu wọn, kọ ẹ̀yìn sí i. Wọ́n wá tẹ̀ sí etí mi, wọ́n ní, "Ṣé ká gbé ibùsùn wa?"

Mo fẹ́ sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Mo búra fún yín, ó wà lórí ahọ́n mi. Ṣùgbọ́n mo wo ọmọ tó jókòó lé e, mo wo Músíè Dirẹ́ktẹ̀, ohùn mi ò jáde. Bàbá mi rò pé mo ṣàánú ọmọ náà ni. Wọ́n dì mí lọ́wọ́ mú, a sì lọ sílé láìgbé e. Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tí n kò sọ láyé mi, ìyẹn ló dùn mí jù.

Ẹ ti mọ èyí tó kù. Mo lọ sí iléèwé àlọbọ̀ kan fún ọdún méjì, lẹ́yìn náà bàbá mi ò rí àwáwí ṣe fún àwọn tó ń tọrọ mi mọ́. Ọkọ mi jẹ́ èèyàn rere, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere. Mo ta aṣọ, mo kọ́ ilé sí àdúgbò Banikanni, mo tọ́ ọmọ. N kò sọ pé ayé mi bàjẹ́. Mo kàn ń sọ pé ipò kẹrin ni mo ṣe.

Ó wá di ọdún yìí. Ọmọ ọmọ mi obìnrin tó ń gbé lọ́dọ̀ mi ṣe kóńkúù ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan ní ìsàlẹ̀ orílẹ̀-èdè wa, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà. Lórí fóònù ni lísìtì ti jáde, kò sí géètì, kò sí eruku. Ipò kẹfà ló ṣe nínú gbogbo wọn, ọkùnrin àti obìnrin. Mo pariwo tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn onísẹ́mìjáánù tó ń gba iwájú ilé fi dá ọ̀kadà wọn dúró. Ṣùgbọ́n ilé-ẹ̀kọ́ náà ti kéde pé àwọn ya àyè díẹ̀ sọ́tọ̀ fún àwọn ọmọbìnrin, torí wọn ò pọ̀ níbẹ̀. Kí ẹ tó pajú pẹ́, àwọn ọmọkùnrin kíláàsì rẹ̀ ti ń kọ ọ́ sórí fóònù pé sàárà ni wọ́n ṣe fún un. Ipò kẹfà! Ọmọ náà sunkún ọjọ́ mẹ́rin. Ó ní òun ò lọ mọ́, òun ò fẹ́ ibi tí wọ́n á ti máa wo òun bí alágbe. Mo bẹ̀ ẹ́, mo bú u, mo gbàdúrà. Kò gbọ́. Ìdààmú bá mi débi pé n kò lè jẹun. Àyè tí mo gbé ibùsùn gba ojú títì kiri nítorí rẹ̀, ọmọ mi rí i, ó ní òun ò fẹ́!

Ọ̀sán ọjọ́ karùn-ún ni àlejò wọlé. Ọmọ aládùúgbò wa ijọ́sí ni. Òun náà ti di arúgbó, ó ti ṣe ọ̀gá ńlá lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba títí ó fi fẹ̀yìn tì. Kékeré la ti mọ ara wa, a kì í fi ẹ̀yin bá ara wa sọ̀rọ̀. Ó ní òun wá kí mi kú oríire. Ó mu omi, ó wo ọmọ ọmọ mi tó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ mi pẹ̀lú ojú wíwú, ó mi orí, ó wá sọ pé:

"O kú oríire, Àlájà. Ṣùgbọ́n ayé ti yí o. Ní ìsinsìnyí wọ́n ń ṣàánú àwọn ọmọbìnrin ni. Ní tiwa, kóńkúù ni kóńkúù. Ọpọlọ nìkan ni wọ́n fi mú wa."

Mo ní kí ó tún un sọ. Ó tún un sọ. Orí mi fò lọ. Mo bi í pé ipò kélòó ló ṣe. Ó ní òun ò rántí, ṣùgbọ́n òun wà nínú ogójì. Mo ní, "Kẹtàlélógójì lo ṣe. Èmi ṣe kẹrin." Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Nígbà tó rí ojú mi, ó ṣíwọ́. Ó ní, "Ìwọ náà ṣe kóńkúù yẹn?"

Ẹ̀yin èèyàn mi, ó ti gbàgbé. Mo bi í léèrè ibùsùn aṣọ pupa. Ojú rẹ̀ tàn, ó ní ṣé èyí tí bàbá mi fi ta iléèwé lọ́rẹ ni? Ó ní ọdún mẹ́ta gbáko lòun fi sùn lé e, òun ṣì máa ń gbàdúrà fún bàbá mi nítorí ìtọrẹ àánú yẹn. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, láti ojú géètì dé inú yàrá wọn, n kò fo nǹkan kan. Ìbínú tí kò dé lọ́jọ́ yẹn, ọjọ́ tó dé nìyí. Ó ṣí fìlà, ó gbé e lé itan. Ó ní, "Kò sẹ́ni tó sọ fún mi." Mo sì mọ̀ pé òótọ́ ló sọ, ọmọdé lòun náà.

Ọmọ ọmọ mi kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. Ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú. Àyè méjìdínlógójì tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ẹ̀yin ọkùnrin nígbà yẹn, kí ni wọ́n ń pè é?"

Ó ní, "Wọn ò pè é ní nǹkan kan."

Ọmọ náà dìde, ó wọ yàrá lọ, mo gbọ́ tó ń fa àpótí rẹ̀ jáde.

Ayé ti yí padà lóòótọ́, ọ̀rẹ́ mi ò parọ́ níbi yẹn. Lóde òní, àyè tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ọmọbìnrin ní orúkọ, wọ́n ń kọ ọ́ sójú ìwé, ẹni tó bá wù sì lè bú u. Nígbà tiwa, àyè àwọn ọkùnrin pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí kò nílò orúkọ, tí ẹni tó jókòó sínú rẹ̀ fi rò pé ọpọlọ òun ló gbé òun débẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn ṣì ń yà mí lẹ́nu bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí. Ọmọ mi wọ ọkọ̀ lọ sí ìsàlẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Ipò kẹfà ló ṣe. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni tó bá béèrè.